Ògiri Tí Mo Rẹ́ ní Peckham

Láti ìgbà tí mo ti dé ni gbogbo ẹni tó bá yà kí mi ti ń bi mí ní ìbéèrè kan náà: "Tíṣà, báwo ni London ṣe rí?" Wọ́n fẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ààfin ọba, kí n sọ̀rọ̀ afárá tó ń ṣí fún ọkọ̀ ojú omi, kí n sọ bí ọkọ̀ ojú irin ṣe ń gba abẹ́ ilẹ̀ kọjá. Mo rí díẹ̀ nínú wọn lóòótọ́, láti òkèèrè. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí mo lò níbẹ̀, ilé kan ṣoṣo ni mo mọ̀ dáadáa, ilé náà ló sì gba oorun lójú mi. Òun ni mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ fún yín, kí ẹ tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Ẹni tí kò bá mọ̀ mí, Làmídì ni orúkọ mi. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ bíríkìlà ní ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ n'Ìbàdàn kí n tó fẹ̀yìn tì. Àbúrò mi obìnrin, Sìkírátù, ló ní kí n wá. Èmi ni mo rán an nílé ìwé lẹ́yìn ikú bàbá wa, ó sì ti pẹ́ tó ti ń wí pé òun máa gbé mi wá sí ìlú òyìnbó kí n wá sinmi. Sinmi ni mo lọ ṣe o.

Ìgúnlẹ̀

Ní pápákọ̀ òfurufú, ọ̀gbẹ́ni tó jókòó sẹ́yìn gíláàsì bi mí pé kí ni mo wá ṣe. Mo ní mo wá kí àbúrò mi. Ó ní ṣé mo máa ṣiṣẹ́. Mo ní rárá. Ó wo ọwọ́ mi, ọwọ́ tí sìmẹ́ńtì ti jẹ láti ìgbà èwe, ó tún bi mí pé, iṣẹ́ kankan? Mo ní mo ti fẹ̀yìn tì. Ó lu òǹtẹ̀ sínú ìwé mi. Àyà mi já lọ́jọ́ náà, bẹ́ẹ̀ n kò purọ́ kankan.

Farida, ọmọ Sìkírátù, ló wá pàdé mi. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni, ibẹ̀ ni wọ́n sì bí i sí. Ó ń gbọ́ Yorùbá, àmọ́ tó bá ń sọ ọ́, ohùn òyìnbó ló fi ń sọ ọ́. "Uncle, ẹ kú... ẹ káàbọ̀," ó ní. "Ó ti rẹ̀ yín gan-an, innit?" Mo rẹ́rìn-ín, mo gbàdúrà fún un. Bí a ṣe ń lọ, ó mú mi gba Rye Lane, òpópónà tí wọ́n ti ń nájà ní Peckham. Iṣu wà níbẹ̀, ẹja wà lórí yìnyín, aṣọ wà, ṣọ́ọ̀bù fóònù kò sì lóǹkà. Yorùbá tí mo gbọ́ ní ìrọ̀lẹ́ yẹn pọ̀ débi pé mo bi Farida bóyá a tíì kúrò nílé.

Ṣùgbọ́n Nunhead ni ilé Sìkírátù wà, ibẹ̀ sì dákẹ́. Ilé tò síra láti ìbẹ̀rẹ̀ òpópónà dé ìparí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo kí ènìyàn mẹ́ta ní títì. Ẹni àkọ́kọ́ wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹlòmíràn ni mò ń kí. Ẹnì kejì yára kọjá. Ẹnì kẹta dáhùn, ajá rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí mi. Nínú bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ náà, mo tẹ ọkùnrin kan lẹ́sẹ̀. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́, òun ló ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi. N kò mọ ohun tí ènìyàn ń dáhùn sí irú ìyẹn, mo bá ní kó má ṣèyọnu.

Sìkírátù ti ṣe gbogbo ohun tí mo fẹ́ràn. Iyán tí wọ́n fi ìyẹ̀fun rò, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, ẹja tútù láti Rye Lane. Mo jẹun dáadáa, àmọ́ mo rí i pé òun kò jẹ. Ó kàn ń fi ọmọ ìka tẹ iyán náà síhìn-ín sọ́hùn-ún ni. Ọkọ rẹ̀ ti ṣaláìsí, òun àti Farida nìkan ló wà nínú ilé, mo sì kọ́kọ́ rò pé èrò ọkọ ló ń bá a jà.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ máa bá mi ṣàdúrà o," ó ní. "Lease office wa máa expire ní end of next month. Landlord ò tíì sọ pé òun máa renew ẹ̀."

Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó gba àwọn obìnrin síṣẹ́, tó ń rán wọn lọ tọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn. Ọdún márùn-ún ló ti fi wà nínú ọ́fíìsì náà. Mo ní ṣebí ilé pọ̀ nílùú yìí.

"Kì í ṣe ilé lásán, Bọ̀ọ̀dá mi. Address yẹn ni council mọ̀ wá mọ́. Àwọn family tó ń gbé mama wọn lé wa lọ́wọ́, wọ́n á wọlé síbẹ̀, wọ́n á rí i pé ibi gidi ni, ọkàn wọn á balẹ̀. Tí wọ́n bá lé wa jáde, mi ò mọ ibi tí mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí."

Ó ní obìnrin kan tó ń jẹ́ Margaret, tó ń bá onílé bójú tó ilé náà, ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn èyí, láti wò ó yíká. Ohun tó bá kọ sínú ìwé ni onílé máa tẹ̀ lé. Láti ọjọ́ náà ni Ọjọ́bọ̀ yẹn ti wọ èmi náà lára.

Ilé Ọ̀gá

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ilé náà ṣe rí, nítorí ojú iṣẹ́ ni mo fi wò ó. Kò jìnnà sí Rye Lane, ó dojú kọ ọgbà kékeré kan tí igi yí ká. Márùn-ún ni wọ́n so pọ̀ mọ́ra wọn, tóóró, gíga, bíríkì wọn ti pupa rúsúrúsú, èéfín èédú àtijọ́ sì ti sọ òmíràn di dúdú. Farida ní, "Some rich trader ló kọ́ ọ, Uncle, like two hundred years ago." Ọlọ́rọ̀ náà ti lọ, àwọn ọmọ rẹ̀ ti lọ, ilé kò lọ.

Ní iwájú, àtẹ̀gùn òkúta gùn lọ sí ẹnu ọ̀nà ńlá, gíláàsì tó ṣí bí abẹ̀bẹ̀ sì wà lókè ilẹ̀kùn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn irin ṣóńṣó, àtẹ̀gùn mìíràn tún wà tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí abẹ́ ilẹ̀. Ọ̀gá àti àlejò rẹ̀ ń gòkè, ọmọ ọ̀dọ̀ ń sọ̀ kalẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni fèrèsé. Ti pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kìíní ló ga jù, níbi tí wọ́n ti ń gba àlejò. Tèyí tó tẹ̀ lé e kéré sí i. Nígbà tó bá fi dé òkè pátápátá, níbi tí àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ ń sùn, fèrèsé kò ju ohun tí orí lè yọ lọ. Ẹni tó dúró ní títì lè ka ipò àwọn tó ń gbé inú ilé láìkan ilẹ̀kùn.

Inú wá ni ẹ̀rín wà. Yàrá ńlá tí ọlọ́rọ̀ ti ń gba àlejò, wọ́n ti fi pákó fẹ́lẹ́ là á sí méjì, ọ́fíìsì Sìkírátù lápá kan, ti Farida tó ń bá a ṣiṣẹ́ lápá kejì. Òdòdó ńlá tí àwọn oníṣẹ́ àtijọ́ fi ọwọ́ ṣe sí àárín àjà, ìdajì rẹ̀ wà lórí ìyá, ìdajì wà lórí ọmọ. Ibi tí wọ́n ti ń dáná yá nígbà òtútù, òkúta funfun dídán ni, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló wà níwájú rẹ̀ báyìí, ìkòkò omi gbígbóná wà lórí rẹ̀. Kò sí ẹni tó gbẹ́ ògiri kí wáyà iná lè gbà á kọjá. Gbogbo wáyà ló fara balẹ̀ tẹ̀ lé ìdí ògiri. Fèrèsé, bí o bá fi ìka kan gbé e, ó ń lọ sókè fúnra rẹ̀, nítorí wọ́n fi okùn so irin wúwo mọ́ ọn nínú férémù. Mo gbé e sókè, mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀, títí Farida fi ní, "Uncle, allow it," ìyẹn ni pé kí n fi í sílẹ̀. Wọ́n sọ ilé ọ̀gá di ọ́fíìsì láìjẹ́ kí ilé náà mọ̀.

Abẹ́ ilẹ̀ ni ilé ìdáná wà láyé ọjọ́un. Agogo kéékèèké ṣì tò sí ara ògiri níbẹ̀, tí wọ́n fi wáyà so mọ́ yàrá òkè, kí ọ̀gá lè fa okùn kí ọmọ ọ̀dọ̀ sì sáré. Ibẹ̀ gan-an ni Sìkírátù ti ń kọ́ àwọn obìnrin rẹ̀ ní iṣẹ́. Mo bá wọn jókòó lọ́jọ́ kan. Gbogbo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọmọ ilé wa, wọ́n jókòó sábẹ́ àwọn agogo yẹn, wọ́n ń kọ́ bí a ṣe ń gbé ìyá òyìnbó dìde lórí ibùsùn láìfi ẹ̀yìn ṣèṣe. Nígbà tí oúnjẹ ọ̀sán dé, wọ́n ń jẹ búrẹ́dì tútù nídìí tábìlì, ojú wọn wà lórí fóònù. Kò sí ẹni tó wo òkè. Inú bí mi díẹ̀, n kò mọ ẹni tí mò ń bínú sí.

Ṣùgbọ́n ògiri tó wà lẹ́yìn wọn ni n kò lè gbójú kúrò lára rẹ̀. Omi ń rú jáde lára rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti wú, ìyẹ̀fun funfun ń bọ́ sórí àga. Sìkírátù rí mi tí mò ń wò ó.

"Ògiri yẹn ń dójú tì mí, Bọ̀ọ̀dá mi. Margaret máa rí i ní Thursday, á ní a ò tọ́jú ilé."

Mo fi ìka kan án. Òfìfo ló dáhùn. Mo fi èékánná yọ díẹ̀, ó sì wó sí mi lọ́wọ́: yanrìn funfun rírọ̀, irun ẹran wà nínú rẹ̀. Irun! Mo bú sẹ́rìn-ín. "Sìkírátù, olè ló rẹ́ ògiri yìí! Kò fi sìmẹ́ńtì kankan sí i!"

"Ẹ má fọwọ́ kàn án o, Bọ̀ọ̀dá mi. It's listed."

Mo ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní orúkọ ilé náà wà nínú ìwé ìjọba, pé ènìyàn kò gbọ́dọ̀ kan ìṣó kan mọ́ ọn láìgbàṣẹ. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n bí ará Ìbàdàn ni mo ṣe gbọ́ ọ. Nílé wa níbí, ayálégbé tó bá tún ògiri onílé ṣe, àdúrà ni onílé ń gbà fún un. Mo rò pé ìbẹ̀rù ayálégbé ló ń dà á láàmú.

Ọjọ́ Àìkú

Ní Ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú Ọjọ́bọ̀ náà, Sìkírátù ní kí n bá òun dúró ní ọ́fíìsì, nítorí wọ́n ń gbé tábìlì tuntun kan bọ̀. Òun àti Farida lọ sí àsàlátù ní mọ́ṣáláṣí, wọ́n sì máa ti ibẹ̀ lọ kí abiyamọ kan. Ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́.

N kò ní purọ́ fún yín pé ọjọ́ náà ni èrò yẹn wá sí mi lọ́kàn. Láti Sátidé ni mo ti ra sìmẹ́ńtì àti yanrìn ní ṣọ́ọ̀bù kan tó ń ta ohun èlò ilé kíkọ́, mo sì fi báàgì ọjà onítáyà tí àbúrò mi fi ń ra iṣu wọ́ ọ lọ síbẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ọ̀gbẹ́ni tó tà á fún mi bi mí bóyá ilé tuntun ni mò ń kọ́. Mo ní ilé ni. Ó ní, "Ilé àtijọ́?" Mo ní ilé ni, mo sì fa báàgì mi jáde.

Àwọn tó gbé tábìlì wá kò pẹ́. Nígbà tí wọ́n lọ, mo ká apá aṣọ mi sókè. Mo fi òòlù kan ògiri náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ títí mo fi rí ojú bíríkì. Mo kó gbogbo yanrìn àti irun wọn dà sínú àpò. Mo po sìmẹ́ńtì bí mo ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ mi láti pò ó, mo dà á lu ògiri, mo fi pákó fà á títí ó fi dán. Ọwọ́ mi kò gbàgbé nǹkan kan. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì, inú mi kò dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo kírun ọ̀sán níwájú rẹ̀, mo gbálẹ̀, mo sì padà sí Nunhead láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ kí Sìkírátù bá a lójijì.

Farida ló kọ́kọ́ bá a, ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ajé. Mo tẹ̀ lé e sọ̀ kalẹ̀, mò ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó dúró, ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Uncle," ó ní. "Uncle, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi pé that's not cement."

Mo ní sìmẹ́ńtì ni, èyí tó dára jù. Ó pe ìyá rẹ̀. Sìkírátù sọ̀ kalẹ̀, ó wo ògiri, ó sì jókòó sórí àtẹ̀gùn. Mò ń dúró kó yìn mí. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò le rárá, ìyẹn ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù.

"Bọ̀ọ̀dá mi, crime ni. Kì í ṣe fine lásán. Àti ẹ̀yin náà, visitor visa lẹ wà lórí ẹ̀. Ẹ ò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ kankan. Tí Margaret bá bi mí pé ta ló ṣe é, kí ni mo fẹ́ sọ?"

Farida wá ka ọ̀rọ̀ náà fún mi lórí fóònù rẹ̀. Ohun funfun tí mo rò pé olè fi rẹ́ ilé, ẹfun tí wọ́n jó ni, láìmù ni wọ́n ń pè é, irun sì ni wọ́n fi ń dè é kó má baà là. Ògiri àtijọ́ ń mu omi ilẹ̀, ó sì ń mí i jáde láti ara láìmù náà. Tí wọ́n bá fi sìmẹ́ńtì dí i, omi kò rí ọ̀nà jáde mọ́. Á dúró sínú bíríkì, á jẹ ẹ́, á dé ibi pákó tó gbé ilẹ̀ òkè ró, pákó á jẹrà.

Mo mọ ọ̀rọ̀ náà. Ògiri amọ̀ ni ilé bàbá wa ní Ìsẹ́yìn. Lẹ́yìn òjò mélòó kan, sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ ẹ bó lulẹ̀ pẹ̀lú amọ̀ tó dì mọ́ ọn. Èmi fúnra mi ń fi ilé náà ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ọmọ iléèwé mi: ẹ má fi ohun líle bo ohun rírọ̀. Kò wá sí mi lọ́kàn rárá pé òyìnbó lè fi ohun tó sún mọ́ amọ̀ kọ́lé. Ilé ọ̀gá ni mò ń wò, n kò rí ògiri.

Mo dìde, mo ní kí wọ́n fún mi ní òòlù, pé mo máa hó o kúrò kí ilẹ̀ tó ṣú.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́!" Sìkírátù kígbe. Ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀ tó gbé ohùn sókè sí mi nìyẹn. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ló ní, "Ẹ má bínú, Bọ̀ọ̀dá mi." Farida ṣàlàyé pé tí mo bá fi òòlù hó o, ojú bíríkì ló máa bá a lọ.

Kí Ọjọ́bọ̀ Tó Pé

Ọjọ́ mẹ́ta yẹn, n kò mọ ibi tí mo lè gbé ara mi sí. Ẹni tó ń mú lẹ́tà wá kan ilẹ̀kùn, mo sá wọ yàrá. Ọkọ̀ ọlọ́pàá ké ní títì, mo dìde dúró láàárín ìrun. Mo lọ sí Rye Lane kí n má baà máa wo ojú Sìkírátù. Obìnrin Yorùbá kan tó ń ta ẹja níbẹ̀ wò mí, ó ní, "Daddy, ṣé ẹ ti jẹun? Ẹ ò look okay o." Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi nítorí ìkíni lásán. Mo ra ẹja tí n kò nílò.

Ní ọjọ́ kejì, Sìkírátù pè mí jókòó.

"Ẹ dúró sílé ní Thursday, Bọ̀ọ̀dá mi. Ẹ má yọjú rárá. Mo máa sọ fún un pé báyìí la ṣe bá a nígbà tá a move in. Ó ti dàgbà, ó lè má rántí."

"Irọ́ lo fẹ́ pa?"

"Kí lẹ fẹ́ kí n sọ? Pé ẹ̀gbọ́n mi tó wá bẹ̀ mí wò ló ṣe é? Kí wọ́n kọ orúkọ yín sílẹ̀, kí ẹ má lè wá mọ́ láéláé?"

N kò lè gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ọmọ tí mo na nítorí irọ́ kékeré nígbà tó wà ní kíláàsì mẹ́ta, èmi ni mo fẹ́ sọ di onírọ́ ní àádọ́ta ọdún ó lé.

Ọjọ́bọ̀

Mo gbìyànjú láti dúró sílé. Mo kírun, mo ka tẹ̀sùbáà, mo fọ abọ́ tó mọ́. Nígbà tó tó aago mẹ́wàá, mo wọ bàtà.

Àtẹ̀gùn àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ ni mo gbà, kí n má baà pàdé ènìyàn lókè. Ilẹ̀kùn abẹ́ ilẹ̀ ṣí sílẹ̀ díẹ̀. Mo rí obìnrin òyìnbó kúkúrú kan tó wọ kóòtù aláwọ̀ eérú, irun orí rẹ̀ funfun, tọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri mi bí ẹni ń wò bóyá ara ọmọ gbóná. Sìkírátù dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ni ògiri yìí ti ṣe rí tẹ́lẹ̀?" Margaret béèrè.

"Bẹ́ẹ̀ náà ló ti ṣe rí," Sìkírátù dáhùn.

Margaret fi tọ́ọ̀ṣì wo ìsàlẹ̀ ògiri. Ó tún béèrè, jẹ́ẹ́jẹ́: "Láti ìgbà tí ẹ ti kó wọlé?"

"Láti ìgbà tá a ti kó wọlé, Margaret."

Mo ti ilẹ̀kùn ṣí, mo wọlé. Mo ní, "Màdáàmù, èmi ni. Èmi ni mo ṣe é. Àbúrò mi kò mọ̀ sí i." Sìkírátù di ojú rẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú gẹ̀ẹ́sì iléèwé mi: pé bíríkìlà ni mí, pé mo rí ògiri tó ń sunkún, pé mo rò pé mò ń ran ọmọ ìyá mi lọ́wọ́, pé ẹnikẹ́ni kò san nǹkan fún mi. Mo sọ ti ilé amọ̀ bàbá wa náà fún un. Ó gbọ́ mi dé òpin láìjá lu ọ̀rọ̀ mi. Ó bi mí bí a ṣe ń po amọ̀, bí a ṣe ń tẹ̀ ẹ́, iye ọjọ́ tí a fi ń jẹ́ kó sinmi. Ó tún fi ọwọ́ ra ojú ògiri, ó ní òun kò rí ìwà àìtọ́ tí wọ́n fi ọwọ́ tó mọ́ tó báyìí ṣe rí. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo sọ òótọ́. Ó bọ Sìkírátù náà lọ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ojú ọjọ́ dára, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ara mi fúyẹ́. Bí a ṣe ń padà sí Nunhead, mo ní, "Ṣé o rí i? Òyìnbó fẹ́ràn òótọ́." Sìkírátù ń wo iwájú. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Bọ̀ọ̀dá mi." Mo rò pé ó ti rẹ̀ ẹ́ ni.

Lẹ́tà

Lẹ́tà onílé dé ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Farida ló kà á ní ilé ìdáná, ó sì ń túmọ̀ ibi tí kò bá yé mi. Wọ́n ní ògiri náà ṣeé tún ṣe. Wọ́n máa bá àwọn tó mọ iṣẹ́ láìmù sọ̀rọ̀, àwọn fúnra wọn ló sì máa bá council yanjú rẹ̀. Wọn kò ní fi ẹjọ́ bàbá àgbà sun ẹnikẹ́ni, nítorí pé kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, ó sì sọ òótọ́ láìjẹ́ pé wọ́n bi í. Mo ní, "Alhamdulillahi."

Farida kò gbójú sókè. Ó ń kà á lọ. Wọ́n ní ohun tó dun àwọn ni pé wọ́n bi ayálégbé ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mejì, tó sì fi irọ́ dáhùn lẹ́ẹ̀mejì. Ilé tó ti dàgbà tó bẹ́ẹ̀, ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣeé gbára lé nìkan ni àwọn lè gbé e lé lọ́wọ́. Wọn kò ní fún un ní ìwé tuntun. Kó kó jáde ní òpin oṣù.

Ìkòkò omi hó, ó pa ara rẹ̀. Farida fi lẹ́tà sílẹ̀. "So if Uncle had just stayed home..."

"Farida. Ó tó."

"I'm just saying, Mummy, she might have..."

"Mo ní ó tó!" Sìkírátù ká lẹ́tà náà, ó fi í sábẹ́ abọ́ ṣúgà. Ó bu ìrẹsì síwájú mi. Mo bi í pé ṣé lóòótọ́ ni, pé ká ní n kò wá lọ́jọ́ náà, ṣé Margaret ì bá gbà á gbọ́. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jẹun, ó ń tutù."

Títí di òní, n kò mọ ìdáhùn. Mo ti rò ó lórí ẹní, mo ti rò ó nínú ọkọ̀ òfurufú. Nígbà àkọ́kọ́, mo fi ọwọ́ mi bà á jẹ́. Nígbà kejì, mo fi ẹnu mi bà á jẹ́, inú mi sì dùn nígbà méjèèjì. Ohun tó ń dá mi lóró jù nìyẹn.

Wọ́n kó ọ́fíìsì náà ní ọ̀sẹ̀ tí mo lò gbẹ̀yìn. Wọn kò jẹ́ kí n gbé páálí kan, kí ẹnikẹ́ni má baà rí mi. Mo dúró nínú ọgbà òdìkejì títì, mò ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn òkúta. Méjì nínú àwọn obìnrin rẹ̀ ti rí iṣẹ́ síbòmíràn. Ìdílé kan ti gba ìyá wọn padà, wọ́n ní àwọn máa dúró wo ibi tí wọ́n máa kó lọ. Sìkírátù kò rí ibi kankan títí mo fi kúrò. Orí tábìlì oúnjẹ ní Nunhead ló ti ń dá àwọn ènìyàn lóhùn lórí fóònù, ó ń fi ohùn dídùn sọ pé àwọn kàn ń tún ibi tuntun ṣe lọ́wọ́ ni.

Àwọn méjèèjì ló sìn mí dé pápákọ̀. Farida dì mọ́ mi, ó ní, "Safe journey, Uncle." Sìkírátù gbé báàgì ọwọ́ mi fún mi. Lẹ́yìn náà, láàárín èrò, pẹ̀lú kóòtù dúdú tó fi ń lọ síṣẹ́, ó fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ dídán yẹn. Àwọn òyìnbó ń yà kọjá lọ́tùn-ún lósì. Ó ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ wá kí wa, Bọ̀ọ̀dá mi. Ẹ súre fún mi."

Ohun tó yẹ kí n ṣe ni pé kí n gbọ́wọ́ lé e léjìká, kí n súre, kí n ní kó dìde. Mo gbọ́wọ́ lé e. Mo wá ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ fi súre fún un, n kò rí ìkankan. Ó wà lórí ìkúnlẹ̀, ó tẹrí ba, ó ń dúró.